Fèrèsé Tí Wọ́n Fi Ọ̀dà Yà

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dúró lórí ìlà rí ní ọ́fíìsì ìjọba, tí ẹsẹ̀ ń ro yín, tí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì sì ń gé èékánná rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀gá kan wà nílùú kan tó jẹ́ olórí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò gùn rárá, ṣùgbọ́n oyè tí òun fúnra rẹ̀ fi dá ara rẹ̀ lọ́lá gùn débi pé bí akọ̀wé rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láàárọ̀, tíì tí wọ́n gbé síwájú ọ̀gá á ti tutù kó tó kà á tán: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Ilé Gbígbé, Ilé Títúngbé àti Ilé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Ronú Láti Gbé. Àwọn òṣìṣẹ́ gé e kúrú sí Ọ̀gá Pátápátá. Èmi náà á gé e, torí ọ̀nà wa jìn.

Bí Ọ̀gá Pátápátá bá wọlé, gbogbo èèyàn á dìde. Bó bá sín, akọ̀wé á kí i, àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́. Bó bá dá àpárá, ọkùnrin kan wà nídìí fáìlì tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí àwọn tó kù lè mọ̀ pé àpárá ni. Ṣùgbọ́n èyí tó ga jù nínú àṣẹ rẹ̀ ni ti orúkọ. Wọ́n ti kọ orúkọ àwọn àlejò kan rí, wọ́n sì fi tirẹ̀ ṣe ìkejì. Kò jẹun títí di ọ̀sán ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti pàṣẹ pé ìwé orúkọ kankan kò gbọ́dọ̀ jáde ní ọ́fíìsì òun tí orúkọ òun kò ní ṣáájú. Wọ́n kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, tirẹ̀ ló ṣáájú. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tirẹ̀ ló ṣáájú. Lọ́dún tí inú ń run àwọn òṣìṣẹ́, tí dókítà ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí kò lè jìnnà sí ilé ìgbẹ́, wọ́n gbé ìwé náà wá fún un, ó rí orúkọ ara rẹ̀ lókè téńté, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a gba ojú rẹ̀ wo gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òun o. Ayàwòrán pátákó kan ni, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Búrọ́ọ̀ṣì. Òun ló kọ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tọ̀ síbí" sára ìdajì àwọn ògiri ìlú náà. Àwọn èèyàn ń tọ̀ síbẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ìkọ̀wé ọ̀hún dára. Yàrá kan ṣoṣo ni Búrọ́ọ̀ṣì ń gbé, mẹ́rin sì ni wọ́n nínú rẹ̀: òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ, àti ọmọ méjì tí ẹ̀gbọ́n náà bí. Wọ́n ta ilé tí ẹ̀gbọ́n yìí ń gbé mọ́ ọn lórí lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ló bá kó ẹrù wá bá àbúrò. Ọmọ rẹ̀ àgbà, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní àìsàn kan tó máa ń ká èémí mọ́ ọn láyà. Bí ibi tó wà bá há, tí kò sí afẹ́fẹ́, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ìyá rẹ̀ á sì gbé e jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí á fi rọlẹ̀. Onílé Búrọ́ọ̀ṣì náà ti wá sọ tirẹ̀ pé èèyàn kan lòun gbalé fún, òun ò gba ìdílé, kí wọ́n tètè wábi gbà.

Ẹ ò rí i pé ilé tó ní fèrèsé ni ẹ̀gbọ́n yìí ń wá láyé.

Ní àárín ìlú, ilé ìtajà ńlá kan wà tó ti kógbá sílé láti ọdún gbọ́nhan. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àjà mẹ́ta. Nígbà ayé rẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀, àga àti bẹ́ẹ̀dì lágbedeméjì, ìkòkò àti abọ́ lókè pátápátá. Ẹni tó kọ́ ọ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Gíláàsì fífẹ̀ ló fi sí iwájú kí àwọn tó ń kọjá lè rí ọjà, ó sì di ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ pa, torí oòrùn a máa ṣá aṣọ, aṣọ kì í sì í mí. Ilé yìí ni Ọ̀gá Pátápátá wò tó ní òun á sọ di fúláàtì ọgbọ̀n fún àwọn tí kò rílé gbé. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ gidi ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí inú rẹ̀ kò dùn, àfi ìgbà tí wọ́n gbọ́ ìyókù.

"Ẹ̀yin ará ìlú!" Lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gbowó ọjà látijọ́ ló gùn lé tó ti ń sọ ọ́. "Níbi tí wọ́n ti ń ta àga, ẹ ó jókòó! Níbi tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó sùn! Níbi tí wọ́n ti ń ta ìkòkò ńkọ́?"

"A ó sè!" Akọ̀wé ló dáhùn, ó sì ṣẹ́jú sí àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó pín ilé náà fúnra rẹ̀. Gbogbo iwájú tí gíláàsì wà, níbi kan ṣoṣo tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni yóò jẹ́ Gbọ̀ngàn Ìdúpẹ́, níbi tí àwọn ayálégbé á ti máa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ó to fúláàtì mẹ́wàá mẹ́wàá sí àjà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn fara ti ògiri ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oríta. Nígbà tó dórí nọ́ńbà, ó ní àárín ni olórí ń wà, nítorí náà àárín àjà kejì ni wọ́n fi Fúláàtì Kìíní sí. Ẹni tó ń wá Fúláàtì Kejì ní láti gun òkè lọ, kó tó tún sọ̀ kalẹ̀ wá wá Ìkẹta. Títí dòní, àwọn tó ń jíṣẹ́ lẹ́tà ń ṣi ilẹ̀kùn kàn níbẹ̀.

Ibi ògiri ẹ̀gbẹ́ yẹn ni Búrọ́ọ̀ṣì ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá Pátápátá pè é pé kó ya àwòrán òun sára rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí gbogbo ọkọ̀ tó bá dé oríta lè rí ẹni tó fún àwọn èèyàn nílé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Búrọ́ọ̀ṣì fi rọ̀ mọ́ pákó tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri. Ojoojúmọ́ ni Ọ̀gá Pátápátá ń wá tún ojú ara rẹ̀ ṣe láti ilẹ̀.

"Ọrùn yẹn! Kí ló dé tí ó ká jọ?"

"Bí tiyín ṣe rí ni mo yà á, sà."

"Èmi ni mo ni ín, mo sì ní kó má ká jọ. Imú ńkọ́? Ṣé imú ẹni tó ń ronú nìyẹn? Fẹ ihò rẹ̀ sí i."

Búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ ẹ́. Ihò imú kọ̀ọ̀kan tóbi tó abọ́ ìfọṣọ.

Ibi tó ti ń ya ìpéǹpéjú òsì ló wà lọ́jọ́ tí obìnrin aṣàyẹ̀wò ilé dé pẹ̀lú téèpù rẹ̀. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sí ilé tí èèyàn lè wọ̀ nílùú náà tí kò bá kọ́kọ́ wò ó, kó sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí pé ó ṣeé gbé.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti wọn gbogbo yàrá. Wọ́n láàyè, wọ́n dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí fèrèsé kan ṣoṣo."

"Fèrèsé?" Ó pè é bí ẹni tí wọ́n ní kó ra erin.

"Òfin ní yàrá tí èèyàn bá máa sùn sí gbọ́dọ̀ ní fèrèsé, sà. Ilé onílé ló fẹ̀yìn tì wá lẹ́yìn. Ògiri ẹ̀gbẹ́ yìí nìkan la lè lu fèrèsé sí. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọ̀sẹ̀ kan péré ni."

Ọ̀gá Pátápátá gbójú sókè wo ògiri, ògiri náà sì ń wò ó padà.

"Èyí tí mo wà lára rẹ̀ yìí? Ṣé kí wọ́n fi òòlù yọ mí lójú? Kí wọ́n ká mi léyín? Kí obìnrin kan máa da omi ìfọṣọ jáde láti etí mi?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Akọ̀wé di etí tirẹ̀ mú.

Ọ̀gá rìn lọ, ó rìn bọ̀. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń ronú, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbé ọmọ yín kúrò nílẹ̀. Ó dúró lójijì. "Òfin ní kí fèrèsé wà. Ǹjẹ́ òfin sọ pé kó ṣí?"

"Kò sọ ọ́, sà. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé èèyàn ló máa kà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi gbé obìnrin aṣàyẹ̀wò lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ nílé ìtajà náà, kó lọ máa ka àwọn igi ìfaṣọkọ́ tí àwọn oníṣòwò fi sílẹ̀. Wọ́n ní bó bá kà wọ́n tán, kó tún wọn kà. Ọ̀gá Pátápátá wá kígbe sókè:

"Ìwọ tó wà lójú mi yẹn! Ṣé o lè ya fèrèsé?"

"Kò sí ohun tí mi ò lè yà, sà," Búrọ́ọ̀ṣì fèsì, ó sì tún fi ọwọ́ lu àyà.

Ẹnu ẹyẹ níí pa ẹyẹ. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n kó o wọnú ilé, tí wọ́n ní kó ya fèrèsé sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ya wọ́n dáadáa. Ó ya férémù, ó ya ìdè tí wọ́n fi ń ṣí i, ó ya ojú ọ̀run, igi, àti ẹyẹ kan tó bà lé ẹ̀ka. Wọ́n ta kọ́tìnnì sí i. Ó mọ̀ pé irọ́ ni òun ń yà, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ niṣẹ́, àti pé àwọn tó máa gbébẹ̀ kì í ṣe ẹni òun. Ní ti ìwé ẹ̀rí, wọ́n sọ akọ̀wé di adelé aṣàyẹ̀wò ilé fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó fọwọ́ sí ọgbọ̀n ìwé, lẹ́yìn náà ó padà di akọ̀wé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Búrọ́ọ̀ṣì parí iṣẹ́ náà, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jó nínú yàrá, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ ìránṣọ, níbi tí kò sí ààyè ijó.

"Búrọ́ọ̀ṣì! Wọ́n ti pè mí! Fúláàtì kẹrìnlélógún, lókè pátápátá! Nílé ìtajà tí o ti ń ṣiṣẹ́ yẹn náà ni! Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa kó wọlé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ... ẹ kú oríire."

"Ìwọ lo mọbẹ̀. Sọ fún mi, ṣé fèrèsé rẹ̀ dáa? Torí ọmọ yìí ni mo ṣe ń bi ọ́."

Ọmọbìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ń wò ó. Búrọ́ọ̀ṣì bojú wo ilẹ̀. "Fèrèsé ọ̀hún dára gan-an, ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Obìnrin yìí ló kúrò nílé ìwé nígbà tí ìyá wọn kú, tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ kí àbúrò rẹ̀ lè rí ọ̀dà rà kó fi kọ́ṣẹ́. Ojú ti Búrọ́ọ̀ṣì débi pé kò lè jẹun tí ó bù sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ ìṣílé dé. Alága ìgbìmọ̀ ìlú, tí Ọ̀gá Pátápátá ń bẹ̀rù ju ikú lọ, wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníwèé ìròyìn. Wọ́n fi àsọyé gígùn mẹ́ta pàdé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dá lórí Ọ̀gá Pátápátá, Ọ̀gá Pátápátá ló sì sọ méjì nínú rẹ̀. Wọ́n mú àlejò lọ sí Fúláàtì Kìíní. Èèyàn mọ́kànlélógún ló wọnú yàrá náà. Kò pẹ́ tí òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́.

Akọ̀wé fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Alága wo fèrèsé, ó ní, "Áà! Ẹ wo igi yẹn! Ẹ wo bí ẹyẹ yẹn ṣe jókòó jẹ́ẹ́!"

"Ẹyẹ náà mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wá, sà," Ọ̀gá Pátápátá dá a lóhùn.

"Ó mà móoru níbí. Ẹ bá wa ṣí i díẹ̀."

"Ó tì o, Alága! Afẹ́fẹ́ òde yìí? Afẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé ti mí sínú mí síta? Kò yẹ yín, sà."

Alága gbà pé kò yẹ òun. Ní òkè lọ́hùn-ún, lákòókò yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n Búrọ́ọ̀ṣì ti wọ Fúláàtì Kẹrìnlélógún pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ láti wò ó kó tó di ọjọ́ ìkẹ́rù, Búrọ́ọ̀ṣì sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n mú. Ẹ̀gbọ́n fa kọ́tìnnì, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí ìdè kó ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ yọ́ lórí ògiri. Ó tún nà án. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo ojú ọ̀run náà láti apá kan dé èkejì, díẹ̀díẹ̀. Ó dé orí ẹyẹ, ó dúró.

"Mo mọ ọwọ́ ẹni tó ya èyí," ló wí, kò wẹ̀yìn. "Nígbà tí o wà ní kékeré, gbogbo ẹyẹ tí o bá yà lojú wọn máa ń tóbi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dára o. Iṣẹ́ dé ọwọ́ rẹ. Bẹ́ẹ̀ mo sì rò pé yóò ṣí."

Àyà ọmọ ti ń dún. Ìyá fà á lọ́wọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kò sì bá àbúrò rẹ̀ sọ nǹkan kan mọ́. Ká ní ó gbá a létí, ì bá sàn fún Búrọ́ọ̀ṣì.

Nísàlẹ̀, nínú Gbọ̀ngàn Ìdúpẹ́, wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn ayálégbé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ akọ̀wé yẹn, ẹ mọ̀ pé kì í rú òfin. Ó gbé ojú ìwé síwájú, ó wú ikọ́, ó kà á sókè kí àwọn oníwèé ìròyìn lè gbọ́: orúkọ Ọ̀gá Pátápátá, pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀, Fúláàtì Kìíní.

Ọ̀gá Pátápátá ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí pé orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú. Alága ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé, ó sì fò sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn! Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀! Òfin ìgbìmọ̀ wa ò gbà kí ẹnì kan ní ilé ìjọba méjì. Ọkùnrin yìí ti yọ̀ǹda ilé oníyàrá mẹ́jọ tí a fún un, pẹ̀lú ọgbà òdòdó rẹ̀, kó lè bá àwọn mẹ̀kúnnù gbé! Kọ́kọ́rọ́ dà? Lónìí ni kó wọlé! Kó kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe onílé, kí àwọn yòókù tó wá bá a lọ́jọ́ Ajé."

Ọ̀gá Pátápátá la ẹnu. Bó bá ní àṣìṣe ni, ó di ẹni tó sọ níwájú àwọn oníwèé ìròyìn pé ìwé òun kì í ṣe òótọ́. Bó bá ní ilé náà kò ṣeé gbé, ta ló kọ́ ọ? Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, Alága ti fi ilé oníyàrá mẹ́jọ náà fún àna rẹ̀. Ẹ̀yin náà ò retí pé aláìní ni yóò fún.

Búrọ́ọ̀ṣì kò lọ sílé lọ́jọ́ náà. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ló lọ bá obìnrin aṣàyẹ̀wò, níbi tó jókòó sí láàárín òkìtì igi ìfaṣọkọ́.

"Màdáámù, ẹ gbà mí. Mo fẹ́ fọ́ ògiri yẹn."

"Wọ́n á tì ọ́ mọ́lé, wọ́n á sì tún mú ẹlòmíràn wá dí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló láṣẹ lórí ògiri yẹn. Àfi kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, tàbí kó fọwọ́ sí i."

"Òun ńkọ́? Ṣé ó lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fọ́ òun?"

Obìnrin náà ju igi kan sórí òkìtì. "Báwo ni yàrá yẹn ṣe móoru tó lónìí?" ló béèrè.

Búrọ́ọ̀ṣì ṣe ohun tó kù. Ó kọ ìwé kan, ìlà mẹ́ta péré, obìnrin náà bá a tún un ṣe, ó fi í sápò, ó sì ń dúró.

Ọjọ́ kìíní, Ọ̀gá Pátápátá gba àwọn àlejò níbùgbé tuntun rẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé ooru dára fún eegun. Ọjọ́ kejì, ó wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ṣèpàdé, gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ sì bọ́ aṣọ wọn láti fi bá a kẹ́dùn. Kò lè jáde. Nígbàkígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tí akọ̀wé ti háyà á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé "Onírẹ̀lẹ̀! Onírẹ̀lẹ̀!", á sì padà wọlé lọ tún jẹ́ onírẹ̀lẹ̀. Ọjọ́ kẹta, iná lọ, fáànù dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, akọ̀wé bá a níbi tó gbé dúró níwájú fèrèsé, tó ń fi èékánná ha ojú ọ̀run, tó ń bẹ ẹyẹ yẹn pé kó fi apá fẹ́ òun.

Wọ́n sáré pe Búrọ́ọ̀ṣì.

"Ìwọ!" Ohùn Ọ̀gá Pátápátá ti gbẹ. "Ìwọ lo yà á. Wá ṣí i."

"Mo lè ṣí i, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ibi tí ẹ dúró sí yìí, tí èèyàn bá wà níta, imú yín ni. Ihò ọ̀tún."

"Imú mi?"

"Tí ẹ bá sì fẹ́ ká fi ibòmíràn ṣe, ẹnu ni yóò jẹ́."

Ọ̀gá Pátápátá sunkún. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín, omijé gidi ni. "Ihò imú," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó kọjá bí ihò náà ṣe tóbi tó! Má bà mí nímú jẹ́!"

"Ẹ fọwọ́ síbí, sà, kí wọ́n má bàa mú mi."

Kò kà á. Ta ló ń kàwé nígbà tí kò rí èémí? Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé tí wọ́n fi ọ̀dà yà nínú ilé náà, bí òfin ṣe wí, láti yàrá Ọ̀gá Àgbà Pátápátá dé èyí tó gbẹ̀yìn. Ó fọwọ́ sí i. Búrọ́ọ̀ṣì gbé òòlù. Ẹyẹ ló kọ́kọ́ lù, torí ó ti ń dùn ún láti ọjọ́ yẹn. Bíríkì jábọ́ síta, ìmọ́lẹ̀ wọlé, afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá Pátápátá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki orí bọ ihò náà, ó fà á símú bí ẹni tó fẹ́ mu gbogbo rẹ̀ tán.

Ọ̀sán gangan ni, oríta kún. Awakọ̀ kan gbójú sókè, ó rí Ọ̀gá Pátápátá ńlá lára ògiri, ó sì rí Ọ̀gá Pátápátá kékeré tó yọrí jáde láti ihò imú rẹ̀, tí orí rẹ̀ ń tàn fún òógùn. Ó tẹ bíréèkì. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà tẹ̀ ẹ́. Láìpẹ́ kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá mọ́. Ọ̀gá Pátápátá rí èrò, ìṣesí rẹ̀ àtijọ́ sì gbé e. Ó pariwo láti inú imú: "Ẹ̀yin ará ìlú!"

Ọkùnrin tó wà nídìí fáìlì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wà láàárín èrò. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyókù kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀ ní títì. Ẹnì kan kígbe pé "Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ!" Alága alára wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí kò lè kọjá. Àwọn oníwèé ìròyìn bi í pé kí ló rí sí i. Ó ní òun ti fura sí ọkùnrin náà tipẹ́, pé ẹyẹ yẹn jókòó jẹ́ẹ́ jù. Kí wọ́n tó rí ọ̀nà fún ọkọ̀ rẹ̀ láti lọ, ó ti yọ Ọ̀gá Pátápátá nípò. Akọ̀wé fi ìdajì wákàtí ka gbogbo oyè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé tó fọwọ́ sí kò kú o. Obìnrin aṣàyẹ̀wò gòkè wá láti abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú téèpù, Búrọ́ọ̀ṣì kó àwọn bíríkìlà mẹ́fà wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri tọ̀sán-tòru. Fèrèsé yọ ní èjìká, ó yọ ní etí, ó yọ ní eyín iwájú. Kí ọjọ́ Ajé tó pé, wọ́n ti lu gbogbo rẹ̀ tán, obìnrin náà sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Fúláàtì Kìíní nìkan ni kò fọwọ́ sí. Ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ihò ibẹ̀ kò tó, pé ẹni tó ń gbébẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ dín in kù, bó bá fẹ́ kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, kó kọ̀wé wá, kó dúró de ìgbà tó bá kàn án.

Ojú òsì ni fèrèsé ẹ̀gbọ́n Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé, Búrọ́ọ̀ṣì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ gòkè, ó gbé e kalẹ̀, kò mọ ibi tí yóò wò.

"Ṣé ó ń ṣí?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

"Ẹ ṣí i fúnra yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ṣí i. Afẹ́fẹ́ gbé kọ́tìnnì. Ọmọbìnrin náà sáré lọ gbé àgbọ̀n lé etí fèrèsé, ó mí, ó tún mí, kò sì sí ohun tó dún láyà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Búrọ́ọ̀ṣì fi ọwọ́ gbá àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. Búrọ́ọ̀ṣì sunkún bí ọmọ kékeré, kò sì bò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Pátápátá ni, pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti bàtà ilé. Àna Alága ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ, kò sì sí ibòmíràn tó lè lọ. Ó gbìyànjú láti dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Ẹ dákun," ló wí. "Ihò tèmi kéré. Ṣé mo lè... ìṣẹ́jú díẹ̀ péré?"

Búrọ́ọ̀ṣì ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dì í lọ́wọ́ mú. "Ẹ wọlé, sà," ló sọ, ó gbé àga kan lọ síbi fèrèsé.

Ó jókòó. Ó ń fa afẹ́fẹ́ kíákíá, ó ń gbé e mì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wá fi ọwọ́ kékeré lé e léjìká.

"Bọ̀dá àgbà, bẹ́ẹ̀ kọ́," ló sọ fún un. "Tí ẹ bá ń yára, kò ní dé inú. Ẹ pa ẹnu dé. Ẹ fà á wọlé láti imú, ẹ kà dé mẹ́ta, kí ẹ tó jẹ́ kó jáde."

Ọ̀gá Pátápátá pa ẹnu dé, ó sì ṣe bí ọmọ náà ṣe wí.